Ohun Tó Pa Họ́ọ̀bù Bàbá Gíríìsì Lẹ́nu Mọ́

Bí èèyàn bá dárúkọ Bàbá Gíríìsì ní àdúgbò náà títí dòní, ọ̀rọ̀ òkè ni wọ́n á kọ́kọ́ dá sílẹ̀, ẹni tí kò sí níbẹ̀ á sì máa sọ ọ́ ju ẹni tó wà níbẹ̀ lọ. Àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe ló kó ara wọn jọ láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè tí táńkì omi wà, kí àwọn oníbàárà lè rí i pé ohun tí àwọn ń tún ṣe fún èèyàn ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn náà. Òtútù mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Bàbá Gíríìsì ló gba iwájú. Kò sẹ́ni tó fi í síwájú, òun ló fi ara rẹ̀ síbẹ̀. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan sókè kí ṣéènì má baà jẹ ẹ́, ó wá ń yíjú sẹ́yìn láti kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gun òkè.

Wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè. Ẹsẹ̀ Bàbá Gíríìsì ń yí, pẹ́dà ń yí, ṣéènì ń yí, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn kò dá ìkankan nínú wọn lóhùn. Ó tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀, kẹ̀kẹ́ dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́, kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Bó ṣe ń fà sẹ́yìn ló ń kọjá lára àwọn tó ń kọ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì yéé yí síwájú, títí tó fi gúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà níwájú gbogbo èrò. Ẹnì kan bi í pé kí ló ṣe kẹ̀kẹ́. Ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó wo òkè náà láti ìsàlẹ̀ dé orí.

"Kò sóhun tó ṣe kẹ̀kẹ́," ó ní. "Òkè yìí ló ga ju bó ṣe yẹ lọ."

Ìyàwó rẹ̀ wà láàárín èrò. Aránṣọ ni, èèyàn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n òun ló rẹ́rìn-ín jù lọ́jọ́ náà. Ó rín in títí ó fi di ògiri mú, títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tó sì délé, ó tún jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀rín tó ti rín láyé, ìyẹn nìkan ló wù ú kó rí gbà padà.

Kì í ṣe pé ọkọ rẹ̀ kò mọṣẹ́. Ó mọṣẹ́. Ohun tó ṣe é ni pé ó nígbàgbọ́ nínú gíríìsì ju bó ṣe yẹ kí ọmọ èèyàn nígbàgbọ́ nínú ohunkóhun lọ. Kí oníbàárà tó sọ ohun tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tán, ìka Bàbá Gíríìsì ti wà nínú agolo. Ilẹ̀kùn tó ń ké, gíríìsì. Agboòrùn tí kò ṣí, gíríìsì. Aago ara ògiri wọn ń sáré díẹ̀, ló bá tú u palẹ̀, ó rọ gíríìsì sí i nínú, aago sì dúró gbọn-in. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fẹjọ́ sùn pé aago ti kú, ó yà á lẹ́nu pé wọn kò dúpẹ́.

"Ṣó tún ń sáré?" ó béèrè.

Inú yàrá kan tó kọjú sí títì làwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ lápá ọ̀tún, kẹ̀kẹ́ lápá òsì. Lọ́jọ́ kan tí aránṣọ jáde lọ ra bọ́tìnì, àánú ẹ̀rọ náà ṣe ọkọ rẹ̀. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ló bá fún un ní gíríìsì mu. Aṣọ funfun oníbàárà kan ló kọ́kọ́ gba abẹ́ abẹ́rẹ́ náà kọjá. Nígbà tí aránṣọ fọ ẹ̀rọ tán, tó fọ aṣọ tán, tó sì sunkún tán, ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ, ó fa ìlà kan láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ẹ̀yìn.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, gíríìsì ò gbọdọ̀ kọjá ibí."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin àti gíríìsì, ta ló mọ èwo lèwo?"

Láti ọjọ́ náà lọ, bó bá fẹ́ bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, á fi orí bàtà kan ìlà náà, á sì na ọrùn. Kò fi ìgbà kan kọjá pẹ̀lú ọwọ́ iṣẹ́. Bí ìgbálẹ̀ bá pa ìlà rẹ́, òun gan-an ló ń rán an létí pé kó tún un fà, torí ó ní èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìjọba ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Bó ṣe ń wá àìsàn kẹ̀kẹ́ náà kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Àárín táyà, níbi tí gbogbo sípóòkù ti pàdé, ni wọ́n ń pè ní họ́ọ̀bù, Bàbá Gíríìsì sì gbà pé ibẹ̀ ni gbogbo ìṣòro ayé ti ń bẹ̀rẹ̀. Á fi eyín di sípánà gígùn kan mú, á gbé orí rẹ̀ kejì lé họ́ọ̀bù, á yí táyà, á di ojú. Bí oníbàárà bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ dákẹ́ ná," á sọ ọ́ láàárín eyín, "ó ń ro ẹjọ́."

Tíṣà kan gbé kẹ̀kẹ́ wá pé ó ń dún ṣìnkìn-ṣìnkìn bí òun bá gùn ún, ṣùgbọ́n bí òun bá ń tì í, kì í dún. Bàbá Gíríìsì fetí sí i, ó ní bọ́ọ̀lù irin inú họ́ọ̀bù iwájú ló ti jẹra. Ó tú u, ó fọ̀ ọ́, ó fi bọ́ọ̀lù tuntun sí i. Tíṣà gùn ún dé orígun títì, ó padà dé, ṣìnkìn-ṣìnkìn. Ó ní à, họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ni, ti iwájú kàn ń bá a kẹ́dùn ni. Ó tú tẹ̀yìn náà. Tíṣà tún gùn ún, ó tún dún. Ọjọ́ ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tí aránṣọ sọ̀rọ̀ láì gbé ojú kúrò lórí iṣẹ́ rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà lápò yín?"

Tíṣà kiwọ́ bọ àpò, ó fa ìdì kọ́kọ́rọ́ kan jáde, gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé ìwé. Bàbá Gíríìsì gba ìdì kọ́kọ́rọ́ náà, ó mì í sétí, ó mi orí. "Mo ṣáà sọ fún yín pé kì í ṣe họ́ọ̀bù," ó ní, ó sì fi gíríìsì pa wọ́n kó tó dá wọn padà.

Ní òdìkejì títì, ọkùnrin kan wà tó ń ta họ́ọ̀bù ìgbàlódé, àwọn tó fúyẹ́ tí èèyàn lè fi ìka kan gbé. Nítorí ọjà rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Fẹ́ẹ́rẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò fúyẹ́ rárá, bẹ́ǹṣì ló ń jókòó lé torí pé àga kì í gbà á. Bàbá Gíríìsì kò fẹ́ fojú rí họ́ọ̀bù fúyẹ́fúyẹ́.

"Irin tí kò wúwo, irọ́ ni," á ké sí i láti ibi tó jókòó sí.

"Ó lágbára ju ìwọ àti èmi lọ," Fẹ́ẹ́rẹ́ á dá a lóhùn. "Ìwọ lo ò mọ̀ ọ́n tọ́jú."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Bàbá Gíríìsì. Ó sọdá títì, ó ní kí Fẹ́ẹ́rẹ́ yá òun ní ọ̀kan, kí òun fi gun kẹ̀kẹ́, kí òun lè fi bó ṣe máa bàjẹ́ han gbogbo ayé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó padà wá ṣàlàyé pé ó ń mì. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ní ó ń pariwo. Nígbà tó yá, ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ó ń yọ̀ jù. "Èmi ti dúró, òun ò tíì dúró." Ó sú Fẹ́ẹ́rẹ́, ó ní kó kúkú tú u kó gbé e padà wá. Bàbá Gíríìsì wò ó tìyanu-tìyanu.

"Ṣé wọ́n máa ń gba aláìsàn lọ́wọ́ dókítà ni?"

Bí họ́ọ̀bù náà ṣe di tirẹ̀ nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìfẹ́ rẹ̀ ti kó sí i lórí. Inú họ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ní àwọn eyín irin kéékèèké tó ń di táyà mú bí èèyàn bá ń wa pẹ́dà. Bí ẹsẹ̀ bá dúró, tí kẹ̀kẹ́ ń yọ̀ lọ fúnra rẹ̀, àwọn eyín yẹn á máa ta, tá-tá-tá-tá, kíkankíkan. Bàbá Gíríìsì á dá ẹsẹ̀ dúró láti orígun títì, á nàró lórí ìjókòó bí ọba, kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ pé òun ń bọ̀ nílé.

Aránṣọ ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí ìró náà bá ti wọlé, ọwọ́ rẹ̀ á fi aṣọ sílẹ̀, á gbé omi tíì kaná, bí ọkọ rẹ̀ bá sì ti ń fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, omi ti ń hó. Bàbá Gíríìsì rò pé tíì kì í tán nílé òun ni. Aránṣọ kò sọ fún un pé ìró yẹn lòun ń dúró dè. Ta ní ń sọ irú ẹ̀ fún ọkọ? Èèyàn máa ń rò pé ọjọ́ ṣì pọ̀.

Ohun tó sọ fún un yàtọ̀. Lọ́jọ́ kan, orí ń fọ́ ọ, oníbàárà kan sì dúró lé e lórí pé èjìká kóòtù òun kò dọ́gba. Bó ṣe ń tú èjìká náà lẹ́ẹ̀kejì ni họ́ọ̀bù dún láti orígun, ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀, àlùmọ́gàjí bá gé aṣọ. Ọkọ rẹ̀ wọlé, inú rẹ̀ ń dùn, ó fi orí bàtà kan ìlà ṣọ́ọ̀kì.

"Bàbá àwọn ọmọ mi," aránṣọ ní, "ariwo họ́ọ̀bù yín yìí ń dí mi létí."

Bí èèyàn ṣe ń sọ pé òòrùn mú ló ṣe sọ ọ́. Bàbá Gíríìsì ní òun ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, kẹ̀kẹ́ wọlé láì dún, aránṣọ gbójú sókè, ó rí ọkọ rẹ̀ lójijì lẹ́nu ọ̀nà, omi tíì kò sì tíì sí lórí iná. Ó rò pé nǹkan náà ti bàjẹ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń wí látìgbà yìí ni. Kò béèrè. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n lọ gun òkè.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ òkè, yẹ̀yẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀nà bá ti ga díẹ̀, Bàbá Gíríìsì á sọ̀ kalẹ̀, á máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, àwọn tí òun tún kẹ̀kẹ́ wọn ṣe lánàá á sì máa gun tiwọn kọjá lára rẹ̀. Láàárọ̀ tí òtútù bá mú, ó ń tú táyà ẹ̀yìn, ó ń gbé e wọ ilé ìdáná, á gbé e jókòó sítòsí sítóòfù títí ara rẹ̀ á fi gbóná.

"Ṣé kí n bu tíì fún un ni?" ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Ẹ má fi ṣúgà sí i."

Aránṣọ ń sọ èyí fún gbogbo ẹni tó bá wá wọn aṣọ. Ó ní ọkọ òun ń mú kẹ̀kẹ́ nasẹ̀ bí ẹni mú ajá. Ọkọ rẹ̀ á wà lódìkejì ìlà, á máa gbọ́, òun náà á sì rẹ́rìn-ín. Fẹ́ẹ́rẹ́ á ké láti ọ̀ọ́kán pé, "Gbé e wá kí n bá ọ fọ inú ẹ̀ mọ́, kó o yéé dójú tì wá." Bàbá Gíríìsì á dáhùn pé họ́ọ̀bù òun ń sinmi ni.

Àìsàn tó mú un lọ kò pẹ́ lára rẹ̀. Àyà ló ń dùn ún, mímí rẹ̀ sì ń ha. Dókítà fi ẹ̀rọ gbọ́ ọ láyà, Bàbá Gíríìsì gbé ọwọ́ sókè fún ìyàwó rẹ̀ pé kó dákẹ́, àyà òun ń ro ẹjọ́. Ó wá sọ fún dókítà pé kó bá òun fi díẹ̀ síbẹ̀. Dókítà ní díẹ̀ nínú kí ni. Aránṣọ ló bá a dáhùn pé, "Gíríìsì." Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín, dókítà náà ò sì mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí tọkọtaya náà jọ rín kẹ́yìn nìyẹn. Ilẹ̀ gbà á lọ́sẹ̀ náà.

Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lára ògiri lápá òsì. Gbogbo ìgbà tí aránṣọ bá gbójú sókè ló ń rí i, kò sì sẹ́ni tó máa tì í jáde. Nígbà tí ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà wá béèrè bóyá ó máa tà á, ó ní kó máa gbé e lọ, kí ojú òun lè sinmi. Ọkùnrin náà gùn ún lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yí, pẹ́dà yí, kẹ̀kẹ́ dúró. Aránṣọ bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá lọ́la, ó ti kẹ̀kẹ́ náà sọdá títì lọ bá Fẹ́ẹ́rẹ́.

Fẹ́ẹ́rẹ́ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó tú họ́ọ̀bù náà. Gíríìsì tó wà nínú rẹ̀ ti dì, wọ́n ti fi dí àárín àwọn eyín náà bí ẹni fi òwú dí etí. Aránṣọ mi orí.

"Ẹ ò rí i? Gíríìsì náà ló tún jẹ́. Ó lọ, kò kọ́gbọ́n."

Fẹ́ẹ́rẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi àkísà nu eyín kan tó kéré ju ìka rẹ̀ lọ.

"Ìyá Aránṣọ, ó mọ̀."

"Ó mọ kí ni?"

"Ó mọ̀ pé gíríìsì á lẹ àwọn eyín yìí pọ̀. Kó tó gun òkè yẹn ló ti mọ̀. Mo sọ fún un pé òróró fẹ́lẹ́ ni nǹkan yìí ń fẹ́, irú èyí tẹ́ ẹ ń kán sí ẹ̀rọ ìránṣọ yín. Ó ní bí òun bá fi òróró fẹ́lẹ́ sí i, á máa dún."

"Kó máa dún ńkọ́?"

"Ó ní ẹni tó wà nílé ò fẹ́ ẹ. Ó ní ó ń dí yín létí." Fẹ́ẹ́rẹ́ kò gbójú sókè. "Mo ní kó padà sí họ́ọ̀bù àtijọ́ ẹ̀ nígbà náà. Ó ní rárá, òun fẹ́ràn méjèèjì. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Aránṣọ wá ibi jókòó, ṣùgbọ́n Fẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló kún bẹ́ǹṣì, ló bá dúró bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ yẹn kò tó àbọ̀, òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, àmọ́ inú ọkọ rẹ̀ ló lọ di odindi sí. Ẹni tó ń fọ́nnu lórí kọ́kọ́rọ́, tó ń fọ́nnu lórí aago tó pa, kò fọ́nnu lórí èyí. Ó gbà kí ayé máa pè é ní atúnkẹ̀kẹ́ṣe tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kì í lọ. Ó fà sẹ́yìn níwájú gbogbo èrò, ó ń kí wọn lọ, ìyàwó rẹ̀ sì di ògiri mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó dun aránṣọ débi pé kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí.

"Ọ̀gá Fẹ́ẹ́rẹ́," ó ní, "ṣé ó ṣì lè dún?"

Fẹ́ẹ́rẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀kan nínú àwọn sípíríìnì tó ń ti eyín wọ̀nyí síta ti dípẹtà, ó kán sí i lọ́wọ́ bó ṣe fọwọ́ kàn án. Ó ní irú rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́. Àwọn tó kù ṣì dára, wọ́n á gbé èèyàn, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ á máa tiro.

"Kó máa tiro."

Ó sọdá lọ sílé, ó mú agolo òróró kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, èyí tó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tó ti fa ìlà, tí ọkọ rẹ̀ ń wò lójoojúmọ́ láti òdìkejì. Fẹ́ẹ́rẹ́ fi kẹrosíìnì fọ gbogbo gíríìsì náà kúrò. Aránṣọ ló kán òróró sí i fúnra rẹ̀, ẹ̀kán kan sórí eyín kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń ṣe fún ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní bí olùpínlẹ́tà bá dé, kí wọ́n bá òun bẹ̀ ẹ́, kẹ̀kẹ́ náà kò kúrò nílé mọ́.

"Ẹ bá mi gùn ún wá láti orígun," ó ní.

Fẹ́ẹ́rẹ́ wo ara rẹ̀, ó wo kẹ̀kẹ́. "Èmi? Ìyá Aránṣọ, họ́ọ̀bù fúyẹ́ ni o."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó lágbára ju yín lọ."

Fẹ́ẹ́rẹ́ dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti kẹ̀kẹ́ lọ sí orígun títì, ó gùn ún, irin gbogbo ké ìrora. Aránṣọ ti wọlé, ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ kó má baà dún. Níta, Fẹ́ẹ́rẹ́ dá ẹsẹ̀ dúró.

Tá-tá... tá. Tá-tá... tá.

Nígbà tí ìró náà dé ẹnu ọ̀nà, aránṣọ rí i pé òun ti dìde, òun ti gbé omi tíì kaná. Fẹ́ẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ti kẹ̀kẹ́ wọlé títí táyà fi kan ìlà ṣọ́ọ̀kì, ó sì dúró síbẹ̀, torí gbogbo àdúgbò ló mọ òfin ìlà náà.

"Ẹ gbé e kọjá," aránṣọ ní.

Ó gbé e kọjá, ó fi ti ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀, ó fi ọwọ́ yí táyà, ìró náà kún inú yàrá, ó ń tiro.

"Ṣé kò ní máa dí yín létí?" ó béèrè.

"Á máa dí mi létí," aránṣọ ní, ó ń fi apá aṣọ oníbàárà nu ojú. "Ẹ jẹ́ kó máa dí i."